Ère, ásíìdì àti àwọn ọmọ SS2: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò láti Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ Ajé

Ìpàdé olùkọ́ la fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ló sì gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ẹ̀pẹ́ yìí á mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní a fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde, etíkun ni wọ́n ń rò, àti ráìsì inú kúlà, àti orin tí wọ́n máa kọ nínú bọ́ọ̀sì títí ohùn wọn á fi há. Èmi ò bá wọn jà sí i. Àmọ́ ohun tí mo gbé síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni pé ká kó àwọn ọmọ SS2 lọ sí Yemisi Shyllon Museum of Art, ilé ọnà tó wà nínú ọgbà Pan-Atlantic University ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, kó má sì jẹ́ ìrìn-àjò èmi olùkọ́ iṣẹ́ ọnà nìkan. Kí ìṣirò wá, kí kẹ́mísírì wá, kí Yorùbá wá, kí ìtàn náà wá.

"Àǹtí, ère wo ló fẹ́ kọ́ wọn ní logarithm?"

Ọ̀gá Ìṣirò nìyẹn. Ọkùnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ni gbogbo yàrá bá bú sẹ́rìn-ín. Màdámú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní kí n sọ ìdí, kí n sì tètè sọ ọ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Arkansas fún wọn, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2011 ni wọ́n ṣí ilé ọnà ńlá kan tó ń jẹ́ Crystal Bridges níbẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kó ọmọ wá pọ̀ ju ààyè lọ, làwọn olùṣèwádìí Yunifásítì Arkansas bá ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé: àwọn kan á kọ́kọ́ lọ, àwọn yòókù á dúró de ìgbà tó yá. Wọ́n wá yẹ ìhà méjèèjì wò, ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000 láti ilé ẹ̀kọ́ 123. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí Eastman Johnson yà, tó fi àwọn èèyàn hàn níbi tí wọ́n ti ń se oje igi maple kó lè di ohun dídùn bíi ṣúgà. Wọ́n ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé àwọn tó kórìíra òwò ẹrú láyé ọjọ́un ló ń gbé oje igi yẹn lárugẹ, kí ọjà ṣúgà tí ẹrú fi òógùn ṣe lè kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdá 88 nínú 100 àwọn ọmọ tó débẹ̀ ṣì rántí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n há a sórí. Nígbà tí wọ́n tún wo bí àwọn ọmọ ṣe ń fi làákàyè tú àwòrán tuntun palẹ̀, ọmọ ìgbèríko ló jèrè ìrìn-àjò náà jù.

Ibẹ̀ ni Màdámú ti gbé orí sókè. Ọmọ Pọ̀ka àti ọmọ Mọ̀jọ̀dá, ìgbèríko ìtòsí wa, pọ̀ nínú àwọn tiwa.

Lórí owó bọ́ọ̀sì, òbí á san ìdajì, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ á wá ìyókù. A fà á títí aago ìsinmi fi lù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ohun kan tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ni pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Olùkọ́ tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ rí ère lòun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, àkọlé ara ògiri ló máa dúró kà fún wọn. Torí náà èmi, Ọ̀gá Ìṣirò àti Ìyá Ìbejì tó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì wọ kòròpé ní T-Junction. Tírélà tó ń lọ síhà ilé ìfọpo Dangote gba ojú títì kan, a lo ìdajì àárọ̀ lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn.

Fún ẹni tí kò tíì débẹ̀: ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ilé náà. Yemisi Shyllon, ọmọ ọba Ẹ̀gbá, ló fi iṣẹ́ ọnà 1,000 ta yunifásítì náà lọ́rẹ. Jess Castellote, ọmọ Sípéènì tó ti pẹ́ ní Nàìjíríà, ló ya àwòrán ilé náà, òun náà ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ère ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, idẹ wà, àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà yà wà. Iṣẹ́ Ben Enwonwu wà nínú àkójọ wọn, ti Lamidi Fakeye wà, ti Bruce Onobrakpeya wà.

Kí a tó ṣẹ́jú péú, Ọ̀gá Ìṣirò ti yí gbogbo ilé po. Wọ́n ní àwọn ti rí i. Wọ́n wá àga, wọ́n jókòó.

Ìyá Ìbejì ò kúrò níwájú iṣẹ́ Onobrakpeya kan. Kì í ṣe àwòrán tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ara rẹ̀ wú, ó rì, bí ẹni pé nǹkan ń gbìyànjú àtijáde láti abẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ mọ̀ pé olùkọ́ bíi tiwa ni bàbá yìí?" Òótọ́ ni. Láti 1963 dé 1980 ni Onobrakpeya fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní St. Gregory's College ní ìlú Èkó. Lọ́dún 1967, ó ń fi ásíìdì fín àwòrán sára páànù síǹkì kan, àmọ́ ásíìdì hydrochloric tó lò ba páànù náà jẹ́. Kò jù ú nù. Ó fi àtè Araldite dí ibi tó bàjẹ́, ó sì rí i pé ohun tó jáde dára ju èyí tóun ń wá lọ. Inú ìjàǹbá yẹn ni ọ̀nà títẹ àwòrán tirẹ̀ tó ń pè ní plastograph ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́ lójijì, ẹ̀ṣọ́ yíjú wò wá. "Nitric làwọn tó ń fín síǹkì máa ń lò! Hydrochloric á kàn máa jẹ ẹ́ lọ ràì ni, háídrójìn á máa hó. Àǹtí, mo kọ́ wọn ní èyí láìpẹ́ yìí, wọ́n ń wò mí bíi pé Faransé ni mò ń sọ."

Lẹ́yìn náà la jà lórí iye iṣẹ́ tí a máa fi han àwọn ọmọ. Mo ní díẹ̀, èyí tí ọwọ́ kan lè kà. Ọ̀gá Ìṣirò ní a ò lè gba owó lọ́wọ́ òbí ká wá ní ká wo ìwọ̀nba. Àmọ́ mo ti rí ìrìn yíyí-ilé-po rí: ẹni tó tọ́ gbogbo ọbẹ̀ wò níbi ìnáwó kì í rántí èyí tó dùn. Ìyá Ìbejì gbè mí lẹ́yìn. A mú ère obìnrin kan tó kúnlẹ̀ tó gbé abọ́ dání, ère mìíràn tó dúró, iṣẹ́ Onobrakpeya yẹn, àti idẹ kan tí olùkọ́ ìtàn ti ní kí a bá òun wò.

Ọjọ́rú

A ò jáde lónìí. Mo fi kíláàsì dánra wò.

Mo yá ìgèrè kan lọ́wọ́ bàbá ọmọ wa kan tó ń pẹja létí ọ̀sà, mo gbé e sórí tábìlì, mi ò sọ nǹkan kan. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo gbà láyè: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí? Kí lo rí tó mú ọ sọ bẹ́ẹ̀? Kí la tún lè rí? Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Philip Yenawine, tó jẹ́ ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ní Museum of Modern Art ní New York nígbà kan, àti Abigail Housen, onímọ̀ nípa bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n jọ ṣe é. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kó fọwọ́ sọ ibi tí ọmọ ń sọ, kó tún ọ̀rọ̀ ọmọ sọ kí gbogbo kíláàsì gbọ́, kó sì pa ẹnu mọ́. Kò gbọ́dọ̀ ní "ó dáa" tàbí "rárá o." Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó le ju ìkọ́ni lọ.

"Agbọ̀n ni, mà."

"Kí lo rí tó mú ọ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n hun ún. Àmọ́ kò ní ìdí tó lè fi dúró."

Ẹlòmíràn ní adìyẹ ni wọ́n ń fi kó lọ sọ́jà. Ọmọ kan tilẹ̀ ní fìlà egúngún ni, mi ò sì lè sọ pé rárá. Àwọn ọmọ etí omi ń rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó yá ọ̀kan nínú wọn ò lè mú un mọ́ra, ó wá síwájú, ó ti ọwọ́ bọ ẹnu ìgèrè: "Ẹ wò ó, àwọn ọ̀pá tín-ín-rín yìí kọjú sínú. Ọwọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ wá ní kí n fà á jáde." Ó fà á, ọ̀pá gún un. Ẹja náà nìyẹn.

Ọ̀gá Ìṣirò ń kọjá lọ sí kíláàsì míì. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi wọ́n pé bí ẹnu bá fẹ̀ tó báyìí tí ọrùn sì fún tó báyìí, kí ni orúkọ irú ìrísí bẹ́ẹ̀. Wọn ò tètè lọ mọ́.

Kí wọ́n tó túká mo sọ òfin ilé fún wọn. Pẹ́ńsù nìkan, kò sí bírò. Báàgì á wà nínú bọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ kan nǹkan kan, torí òógùn àti òróró ara wa ń jẹ idẹ, ó sì ń sọ igi di dúdú.

Ọjọ́bọ̀

Bọ́ọ̀sì pẹ́, òjò rọ̀, ìyá kan sáré tẹ̀lé wa dé géètì pẹ̀lú oògùn ikọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Iwájú obìnrin tó kúnlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wò ó láìsọ̀rọ̀ títí n ó fi sọ. Àárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, torí ọmú tó wà níta gbangba. Mo ti mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá wa, àgbàlagbà obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, kò bá wọn wí. Wọ́n kàn béèrè pé, "Ta ló ti gbọ́ 'ìkúnlẹ̀ abiyamọ' rí?" Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. "Ẹ ti ń fi bẹ ara yín láti kékeré. Ẹ wá wo ìkúnlẹ̀ náà báyìí." Ẹ̀rín dá. Ọmọbìnrin kan ní orúnkún ère náà ò dà bíi ti ẹni tí wọ́n fipá mú kúnlẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan. Ẹlòmíràn mẹ́nu ba àkúnlẹ̀yàn, pé bóyá orí ni obìnrin náà ń yàn, abọ́ tó gbé dání ni wọ́n máa kó o sí. Ọdún mélòó ni mo ti ń wo irú ère báyìí, èrò yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí.

Níbi ère tó dúró, Ọ̀gá Ìṣirò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí oníkálukú na apá tí pẹ́ńsù wà gbọọrọ, kó di ojú kan, kó fi orí pẹ́ńsù kan àtàrí ère, kó sì fi àtàǹpàkò mú ibi tí àgbọ̀n parí sí. Ìyẹn ni orí kan. Kó wá máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ bá wá wò wá, gbogbo wa dijú ọ̀kan bí ọdẹ. Mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ jù rí. Wọ́n ní kí ọmọ kan lọ dúró síbi ògiri tí kò sí nǹkan kan, wọ́n wọn òun náà: méje àti díẹ̀.

"Sà, ẹni tó gbẹ́ ère yìí ò mọ ìṣirò."

"Ó mọ̀ ọ́n," ọmọ mìíràn dáhùn. "Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí orí tóbi ni."

Ọ̀gá Ìṣirò wojú mi, wọ́n sì rántí. "Kí lo rí tó mú ọ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Irun ẹ̀, sà. Ẹ ka ìlà tó wà lápá ọ̀tún, ẹ ka ti òsì. Wọ́n dọ́gba. Ẹni tó lè fín gbogbo ìlà wẹ́wẹ́ yìí kí wọ́n dọ́gba, orí ló máa wá ṣì gbẹ́?"

Mi ò mọ ohun tí èèyàn tún fẹ́ kí ọmọ sọ. Olùkọ́ Yorùbá fi ọ̀rọ̀ orí kún un, pé ibẹ̀ ni ìpín èèyàn wà, àwọn àgbẹ́gilére Yorùbá kì í sì í gbẹ́ ẹ kékeré. Ọ̀gá Ìṣirò fi ìwé sórí itan, wọ́n bi wọ́n pé bí ère bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, báwo ni orí rẹ̀ ṣe máa gùn tó tí wọ́n bá fi ìwọ̀n àgbẹ́gilére gbẹ́ ẹ, báwo sì ni tí wọ́n bá fi ìwọ̀n èèyàn. Ó jẹ́ 15 ní àkọ́kọ́, ó sì lé díẹ̀ ní 8 ní ìkejì. Wọ́n ṣe ratio lórí ìdúró láìsí ẹni tó kùn.

Ọmọ kan rí i pé ère náà ti sán láti ẹ̀yìn dé ìdí, ó ní ta ló fọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ ilé náà, ọ̀dọ́bìnrin onísùúrù kan, ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó fọ́ ọ. Bí igi bá ń gbẹ, ó máa ń sún kì yípo ara rẹ̀ ju bó ṣe ń sún kì láti èèpo dé àárín lọ, ìjà àárín àwọn méjèèjì ló ń la igi. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi jẹ́ kí ọ̀rinrin inú yàrá máa lọ sókè sódò. Òṣìṣẹ́ náà bi àwọn ọmọ pé ta ló ń gbé nítòsí ọ̀sà. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilẹ̀kùn tí kì í ṣeé tì lásìkò òjò.

Ibi idẹ ò dáa tó. Olùkọ́ ìtàn wa mọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn rẹ̀, àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ja Bìní lọ́dún 1897, wọ́n gba orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938 kọjá, wọn ò sì bi ọmọ kankan ní ìbéèrè. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọmọkùnrin kan ló gba gbogbo wa sílẹ̀ nígbà tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé inú rẹ̀ ṣófo? Báwo ni wọ́n ṣe yọ inú rẹ̀?" Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ìda jáde: pé amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ inú, wọ́n á fi ìda bò ó, wọ́n á fín gbogbo ẹwà sára ìda náà, wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìda; iná á yọ́ ìda dànù, idẹ gbígbóná á sì wọ àyè tó fi sílẹ̀. Ìyá Ìbejì ò jẹ́ kó tutù, wọ́n béèrè ohun tó ń jẹ́ idẹ gan-an, ọmọ méjì sì jọ pariwo pé kọ́pà àti síǹkì.

Síǹkì yẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Onobrakpeya. Ìyá Ìbejì ò sọ ìtàn rẹ̀ o. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí wọ́n rí. "Ó wú bí àpá." "Ó dà bí ilẹ̀ tí omi ti wọ́ kọjá." Ọwọ́ ọmọbìnrin kan ti ń lọ síbi iṣẹ́ náà kó tó mọ̀, ó sáré fà á padà, ó kó o sábẹ́ abíyá. Nígbà tí wọ́n ti wò ó tẹ́rùn ni Ìyá Ìbejì ní, "Tí mo bá da ásíìdì hydrochloric sára síǹkì, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Ẹyọ ẹnìkan dáhùn, kò sì dá a lójú. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ St. Gregory's fún wọn, àti ohun tó fi páànù tó bàjẹ́ ṣe.

A jẹ ráìsì inú kúlà. Wọ́n kọrin títí a fi dé T-Junction.

Ọjọ́ Ẹtì

Lààbù wa ò ní síǹkì. Ìyá Ìbejì rán àwọn ọmọ kí wọ́n kó bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú wá, torí síǹkì ni ìkòkò tó wà lábẹ́ ìwé rẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n fọ dúdú inú rẹ̀ kúrò, wọ́n jù ú sínú ìgò, wọ́n fi ásíìdì tí wọ́n ti fi omi là sí i. Ó hó. Wọ́n gbé igi ìṣáná tó ń jó sí ẹnu ìgò, ó dún pọ́! Láti yàrá olùkọ́ la ti gbọ́ ariwo. Láti òwúrọ̀ yìí, háídrójìn ò jẹ́ háídrójìn mọ́ nínú kíláàsì yẹn, "gáàsì Onobrakpeya" ni.

Olùkọ́ Yorùbá ní kí wọ́n kọ oríkì fún obìnrin tó kúnlẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n gbọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, àmọ́ ẹ wo èyí:

Abiyamọ tó kúnlẹ̀ tí orúnkún ò ro,
Agbábọ́dání má bèèrè owó,
Òjò rọ̀ lóde, tìrẹ ò rin.

Ẹsẹ̀ kẹta yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin tí òṣìṣẹ́ ilé náà sọ fún wọn ló padà wá sójú ìwé.

Níbi ìtàn, àwọn ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá láti Èkó, béèrè ìdí tí kò fi sí ère Kòsọ́kọ́ nínú ohun tí a wò. Ìbéèrè gidi ni. Lọ́dún 1851 ni wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó tó sì wá tẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ọdún 1854 lòun àti Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ àdéhùn níbí. Ọdún 1862 ló padà sí Èkó. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún Káyókáyó nítorí ìdé rẹ̀. Olùkọ́ ìtàn wá fún wọn níṣẹ́: kí oníkálukú ya ère Kòsọ́kọ́ tó bá fẹ́ kó wà létí ọ̀sà, kó sì kọ ìdí tó fi yan ọdún tó yan. Èyí dáa ju gbogbo ọ̀rọ̀ àná lọ, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló yan 1851, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi. Ẹnìkan yan 1862, ó ya ẹ̀yìn ọba nìkan.

Mo bi Ọ̀gá Ìṣirò pé báwo ni wọ́n ṣe rí i. "Ó wúlò fún ratio," ni wọ́n sọ. "Ti logarithm, mo ṣì ń retí ẹ."

Ọjọ́ Ajé

Màdámú ti ka àbọ̀ tí mo kọ, inú wọn dùn, inú dídùn yẹn ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lọ ní sáà tó ń bọ̀, láti JSS1 dé SS3, nínú bọ́ọ̀sì bíi mẹ́fà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní àwọn á san tí ọmọ gbogbo wọn bá lè lọ.

Mo ní rárá. Kíláàsì kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú olùkọ́ tó ti kọ́kọ́ débẹ̀. Ọmọ tó bá tò sẹ́yìn igba ọmọ kò ní rí ju ẹ̀yìn orí ẹnìkejì rẹ̀ lọ, kí la wá fẹ́ bi í? Ìyá Ìbejì tún ní tiwọn: ọ̀sẹ̀ tí ásíìdì àti mẹ́táàlì bá wà nínú síkíìmù gan-an lòun fẹ́ kí SS2 lọ, kì í ṣe kó ti kọjá. Olùkọ́ jógíráfì, tí kò bá wa lọ, ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ igi tó sán, kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀.

A ò tíì parí rẹ̀. Màdámú ní kí n mú ìṣirò owó bọ́ọ̀sì kíláàsì kọ̀ọ̀kan wá lọ́jọ́rú. Mo ti fún Ọ̀gá Ìṣirò ṣe.